Òkè Iyọ̀ Kánsílọ̀ Lánípẹ̀kun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ètò iyọ̀ ìjọba ní ìlú Ìjẹlẹ́wà, ẹ má wulẹ̀ bi aboyún, ẹ má sì bi ìyálọ́mọ. Ewúrẹ́ ni kí ẹ bi. Ewúrẹ́ ìlú náà lá iyọ̀ lọ́dún yẹn débi pé irun ara wọn ń dán, àwọn òbúkọ sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ẹ má wá Ìjẹlẹ́wà lórí àwòrán ilẹ̀ o. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ má baà dá mi dúró bí mo bá ń kọjá lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ẹ bá ti kúrò ní Ìlúpéjú, tí ẹ gun ọ̀kadà, tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ ti ń sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹni tí ó gbé àsè yìí kalẹ̀ fún ewúrẹ́ ni Olóyè Babáfẹ́mi Lánípẹ̀kun, Kánsílọ̀ tí ètò ìlera wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó ti ta sìmẹ́ńtì rí, kò sì sí ẹni tí ó bá a jà nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní ọ́fíìsì àti àga tí ń yí po, ọkùnrin yìí kò sọ̀rọ̀ mọ́, ìkéde ni ó ń ṣe. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, a ní, "Àsìkò ti tó fún Kánsílọ̀ láti gba omi sára." Bí ó bá sín, Akínkúnmi akọ̀wé rẹ̀ a kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ní ti oyè, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè rẹ̀ fún yín, ẹ lè gbé iṣu kaná. Kí ó tó dé orí èyí tí àwọn ọlọ́dẹ fi dá a lọ́lá, iṣu ti jiná, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ odó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni ìwé kan dé láti Adó. Àwọn tí ó kọ ọ́ fẹ́ kí gbogbo aboyún àti ìyálọ́mọ agbègbè wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ dé Ìdó, mọ̀ nípa áyódìn. Áyódìn yìí, èròjà kékeré kan ni tí wọ́n ń pò mọ́ iyọ̀. Ojú kò rí i, kò sì ta lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí kò bá tó lára aboyún, gẹ̀gẹ̀ lè yọ sí i lọ́rùn, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ sì lè máà dàgbà bó ṣe yẹ. Ìwé náà ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àlejò yóò wá láti bi àwọn obìnrin léèrè ohun tí wọ́n mọ̀, yóò sì dán iyọ̀ ilé wọn wò. Kánsílọ̀ ìlú tí ó bá ṣe dáadáa jù lọ ni wọn yóò pè kí ó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèkàn ní Adó.

Ibi tí Lánípẹ̀kun ka ìwé náà dé nìyẹn. Ó pa á dé, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

"Ó ku ojú ìwé méjì, sà," ni Akínkúnmi wí.

"Ojú ìwé tí ó kù, ti àwọn ọmọ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá kì í ka ìwé dé ìparí."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, sà. Ẹni tí ó bá ń kàwé dé ìparí, kò tíì di ọ̀gá."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi fi ojú ìwé méjì yẹn sọ́kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé inú nǹkan tí ó ní ìdérí ni kí iyọ̀ máa wà, kí oòrùn má pa á, kí òjò má sì kàn án, nítorí áyódìn inú rẹ̀ kò lè fara da ìyà yẹn pẹ́.

Ogójì àpò iyọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé ìwé náà, kí wọ́n pín in fún àwọn aboyún. Lánípẹ̀kun ní ìpín-ín-pín kò buyì kún ìlú. Ohun tí a bá ti pín, ta ló tún ń rí i? Ó ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ dà sórí tapólì níwájú ọ́fíìsì òun, kí ó di òkè, kí ẹni tí ń bọ̀ láti Ìfàkì lè máa wò ó lókèèrè. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kan, tí ó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, dúró tì í. Aboyún tí ó bá fẹ́ bu ife kan nínú rẹ̀ yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, yóò sì fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì tì í. Títí tí ọ̀rọ̀ yìí fi parí, ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo kò dé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí òkè náà, ìlú pé. Lánípẹ̀kun ka oyè rẹ̀ tán, oòrùn ti kúrò níwájú, ó ti dé àárín orí.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ìjẹlẹ́wà," ni ó wí, "òkè yí Èkìtì ká, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń pín òkè, ó fo ìlú yìí. Lónìí, èmi Lánípẹ̀kun ti bá a parí iṣẹ́ rẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlùfáà ìjọ tí ó wà níjókòó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó na ọwọ́. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ni, ọmọ Ìfàkì, tí ó ti ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà láti ọdún mọ́kànlá. "Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni ó wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, "oòrùn tí ó wà lórí iyọ̀ yìí pọ̀ jù. Bí a bá fi sílẹ̀ báyìí, áyódìn inú rẹ̀ á lọ. Ẹ jẹ́ kí a kó o wọlé, kí a sì dé e."

Lánípẹ̀kun rẹ́rìn-ín ìyọ́nú. "Nọ́ọ̀sì, iyọ̀ ìjọba kì í bẹ̀rù oòrùn."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, kíkankíkan ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n ti ń pa á lọ́wọ́ ni òbúkọ dúdú kan rọra gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó dé ìdí òkè, ó ká orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a.

Akínkúnmi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ létí. "Ẹ ò rí i, sà? Ẹranko pàápàá ń kúnlẹ̀ fún yín."

Lánípẹ̀kun na ọwọ́ sí òbúkọ náà bí ẹni tí ń súre. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ewúrẹ́ tí ó tún gbé ilé mọ́. Wọ́n gba ọkùnrin méjì pẹ̀lú ọ̀pá láti máa lé wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì ni àwọn ọkùnrin náà, wọn kì í fi iyán ọ̀sán ṣeré. Àwọn ewúrẹ́ mọ àkókò iyán ju agogo ọ́fíìsì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ewúrẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí a lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ aboyún. Obìnrin tí ó bá ti lóyún rí ní agbègbè wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó gbé ẹnikẹ́ni sórí ìwọ̀n, orin ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á dá, àwọn obìnrin á gbè, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa jó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ikùn wọn. Inú orin ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ẹni tí kò mọ̀wé bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti di tirẹ̀. Èyí tí Bọ́sẹ̀ ṣe fún ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìyí:

*Ra iyọ̀ tó ní áyódìn, ìyá aboyún,*
*Dé e pa, kí oòrùn má rí i;*
*Bí ọbẹ̀ bá jiná tán, kí o tó bù ú sí i,*
*Kí gẹ̀gẹ̀ má gbélé wa,*
*Kí ọmọ inú lè gbọ́n.*

Nùsírátù wà nínú àwọn tí ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìyàwó Dáúdà ọlọ́kadà. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bà jẹ́ lọ́dún tí ó kọjá. Bọ́sẹ̀ ni ó jókòó tì í lọ́jọ́ náà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ó ń nu ojú rẹ̀, tí kò sọ fún un pé kí ó má sunkún. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí Bọ́sẹ̀ bá ti wí ni Nùsírátù ń ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń sìn ín wá. Gbogbo ìlú ń pe ìyá náà ní Ìyá Dáúdà. Gẹ̀gẹ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí ó tó ọsàn, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ fi ń fọwọ́ pa á kí wọ́n tó sùn. Ìyá náà kì í jó, ṣùgbọ́n òun ni ó ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ jù.

Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Karùn-ún, Lánípẹ̀kun wá wo bí ètò òun ṣe ń lọ sí. Ó jókòó, ó tẹ́tí sí orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin parí. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, bóyá ìlà kan ṣì kù.

"Nọ́ọ̀sì," ni ó wí níkẹyìn, "orin yìí ní àbùkù."

"Kí ni àbùkù rẹ̀, sà?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

"Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, sà. Ọmọ wà nínú rẹ̀."

"Mo ní kò sí *ẹnikẹ́ni* nínú rẹ̀!"

Akínkúnmi ti fa bébà yọ. Òru mẹ́ta ni ó ní òun fi ṣe orin tuntun náà, ó sì kọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ojú dídì:

*Lánípẹ̀kun, baba iyọ̀!*
*Lánípẹ̀kun, baba aboyún!*
*Òun ló ni wá, òun ló bọ́ wa,*
*Bí kò bá sí i, ọbẹ̀ ò dùn!*

Dáúdà, tí ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ síta tí ó ń dúró de ìyàwó rẹ̀, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kánsílọ̀, ẹ dákun, ta lẹ ní ó ń jẹ́ baba aboyún?"

"Èmi Lánípẹ̀kun ni."

"Ùyàwó mi wà láàárín wọn níbẹ̀ o. Oyún oṣù mẹ́fà. Ulé mi ló ti ní i, èmi ni mo sì wà níbẹ̀. Méè rántí pé mo rí yín."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn di ikùn rẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n dákun kí òun má lọ bímọ sílẹ̀ ibẹ̀. Lánípẹ̀kun kígbe pé ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, pé aláìmọ̀kan kò lè mọ àpọ́nlé. Ó yíjú sí Bọ́sẹ̀, ó ní kí ó dá orin náà.

Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a. "Ẹ má bínú, sà. Bí mo bá fi ìyẹn rọ́pò, wọn ò ní rántí ìgbà tí à ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Èmi ò lè ṣe é."

Ohun tí Bọ́sẹ̀ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Lánípẹ̀kun ti bá àwọn tí ó mọ̀ lókè sọ̀rọ̀, ìwé sì jáde pé kí wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ kúrò. "Bí ó bá jẹ́ iyọ̀ ni ó wù ú tó báyìí," ni ó wí fún Akínkúnmi, "kí ó máa lọ sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀." Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ará Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ń gbìn jẹ́jẹ́ wọn, èmi ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọkùnrin yìí. Ọjọ́ Ajé tí ó bá tẹ̀ lé ìbẹ̀wò àlejò ni Bọ́sẹ̀ yóò lọ. Kánsílọ̀ fẹ́ kí ó kọ́kọ́ tún ilé ìwòsàn ṣe de àlejò ná.

Nígbà tí Nùsírátù gbọ́, ó ka oṣù rẹ̀ lórí ìka. Nọ́ọ̀sì yóò ti lọ, yóò sì ku bí oṣù kan kí òun tó bímọ. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Dáúdà gbé abọ́ náà padà síwájú rẹ̀. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a tún rí irú èṣí. Orin Nọ́ọ̀sì kò lọ sí Ẹ̀dá, ó wà lẹ́nu wa."

Báyìí ni ó ṣe di pé orin méjì wà ní Ìjẹlẹ́wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lójú Akínkúnmi, wọ́n á kọ ti baba aboyún. Bí wọ́n bá délé, nídìí ààrò àti nídìí odó, ti Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Àwọn ọkọ wọn mọ̀ ọ́n. Dáúdà ń fi ìfé sú u lórí ọ̀kadà.

Òjò oṣù Karùn-ún wẹ Òkè Iyọ̀, oòrùn sì sá a. Òjò oṣù Kẹfà tún wẹ̀ ẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó le bí òkúta, àwọ̀ rẹ̀ sì di ti erùpẹ̀. Nígbà tí àlejò ku ọ̀sẹ̀ kan, Lánípẹ̀kun ní kí wọ́n fi ọmọ odó gún un kí ó lè funfun padà. Ó funfun lóòótọ́. Ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ewúrẹ́ àti òjò ti pín ìyókù, láìsí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò pé. Ìwé Adó ti ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan bu iyọ̀ díẹ̀ wá láti ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Lánípẹ̀kun sinmi. "Iyọ̀ inú ilé tálákà!" ni ó wí. "Kí ó wá dójú tì mí níwájú àlejò?" Ó fi Akínkúnmi sí ẹnu géètì. Obìnrin tí ó bá wọlé, Akínkúnmi á gba iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀, á sì fún un ní iyọ̀ Òkè nínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán Kánsílọ̀ sí. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àfi Ìyá Dáúdà. Ìyá náà ti fi ìgò kọfí kékeré kan, tí ó ní ìdérí, so mọ́ ìdí ìró rẹ̀, ó sì wo Akínkúnmi lójú títí ọkùnrin náà fi rántí ìyá tirẹ̀.

Lánípẹ̀kun ti gbé igi dí ọ̀nà ìwọ̀lú kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè tò síbẹ̀ láti pàdé ọkọ̀ àlejò. Igi náà ni ó dá takisí tí àlejò wọ̀ dúró. Àlejò náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó dá ọ̀kadà dúró. Dókítà Ìdùnnú ni orúkọ rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Ọ̀kadà tí ó sì gùn, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ti Dáúdà ni. Gbogbo ọ̀nà ni Dáúdà ń kọrin, Dókítà sì ń tẹ́tí láti ẹ̀yìn.

Kí Dókítà tó bu omi mu, Lánípẹ̀kun ti dìde, ó ti ka oyè mọ́kànlá. Dókítà fi sùúrù gbọ́ ọ tán, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kékeré kan jáde.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ni ó wí, "omi inú ìgò yìí ni màá kán sórí iyọ̀ yín. Bí áyódìn bá wà níbẹ̀, á yí padà bí ẹni pé a kán aró sí i. Bí kò bá sí, funfun náà ló máa wà."

Lánípẹ̀kun kò gbọ́ èyí. Ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe fún ayàwòrán.

Dókítà kán omi sí iyọ̀ obìnrin àkọ́kọ́. Funfun. Ó kán an sí ti ẹnì kejì. Funfun. Ní orí ẹnì karùn-ún, Lánípẹ̀kun kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Funfun báláú!" ni ó kígbe, ó sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí iyọ̀ bí ó ti mọ́! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Dókítà! Ẹ kọ ọ́!"

"Mò ń kọ ọ́, sà," ni Dókítà wí.

Obìnrin mọ́kàndínlógójì, iyọ̀ mọ́kàndínlógójì, gbogbo rẹ̀ funfun, Kánsílọ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi káàánú rẹ̀ díẹ̀. Inú ọkùnrin náà kò dùn tó báyìí rí.

Dókítà pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni áyódìn ń ṣe lára aboyún?"

Akínkúnmi gbé ọwọ́ sókè lẹ́yìn Dókítà, ó mì í, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wọn. *Lánípẹ̀kun, baba iyọ̀! Lánípẹ̀kun, baba aboyún!* Wọ́n kọ ọ́ dé òpin, wọ́n dákẹ́. Dókítà wo Kánsílọ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yin fúnra yín, sà, kí ni ó ń ṣe?"

Lánípẹ̀kun dìde dúró, ó gbá agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Áyódìn," ni ó wí, ó sì dúró kí ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. "Áyódìn ni ìpìlẹ̀ ìṣàkóso rere. Òun ni ó ń mú kí aboyún fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Níbi tí áyódìn bá wà, ọ̀tẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ní kúkúrú, áyódìn ni... áyódìn ni ohun tí ó wà níta yẹn!" Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé. Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Òbúkọ dúdú náà wà lórí òkè, ó ń gùfẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù Kánsílọ̀ ṣì ń bà wọ́n. Bọ́sẹ̀ dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ láti àná, ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nùsírátù dìde. Ikùn rẹ̀ ti tóbi, ó ní láti di àga iwájú mú kí ó tó lè dúró. Ó yíjú sí Dókítà. "Ẹ jọ̀wọ́, mà. Uyọ̀ tí ẹ dán wò yẹn, kì í ṣe ti ulé wa. Ẹnu géètì ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa."

"Jókòó!" ni Lánípẹ̀kun kígbe.

"Méè jókòó," ni Ìyá Dáúdà wí dípò rẹ̀, òun náà dìde. Ó tú ìdí ìró rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó fa ìgò kọfí yọ, ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Ti ulé wa rèé. Gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn mi yìí, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní nǹkan kan nígbà tèmi. Méè ní jẹ́ kí wọ́n gba ti ùyàwó ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Kán an sí i, Dókítà."

Dókítà kán ẹ̀kán kan. Iyọ̀ náà yí padà lójú ẹsẹ̀, ó di aró.

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ń fa ara wọn kí wọ́n lè rí i. Lánípẹ̀kun nìkan ni kò yé. "Ẹ ò rí i bí ó ti dọ̀tí?" ni ó ń wí. "Ẹ ò rí iyọ̀ ilé bí ó ti ń pàwọ̀ dà?" Akínkúnmi, tí ó ti gbọ́ ohun tí Dókítà kọ́kọ́ sọ, ti ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì.

"Ọlọ́kadà tó gbé mi wá ń kọ orin kan lọ́nà," ni Dókítà wí. "Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo wọn ni ó mọ̀ ọ́n. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni dá a. Wọ́n dìde pẹ̀lú ikùn wọn, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì fi í bọnu: *Ra iyọ̀ tó ní áyódìn, ìyá aboyún, dé e pa, kí oòrùn má rí i.* Wọ́n kọ ọ́ débi gẹ̀gẹ̀, wọ́n kọ ọ́ débi ọgbọ́n ọmọ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́sẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó ń sunkún. Dókítà ń kọ̀wé lọ ràì.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó bi Bọ́sẹ̀ pé ẹrù wo ni ó dì yẹn. Bọ́sẹ̀ fi ìwé tí wọ́n fi gbé e kúrò hàn án. Dókítà kà á dé ìparí, ó ká a, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. "Èyí, èmi ó mú un dé Adó. Ẹ lọ tú ẹrù yín, Nọ́ọ̀sì."

Nígbà tí ó ń jáde lọ, ó dúró níwájú Òkè Iyọ̀, ó kán ẹ̀kán kan sí i. Ó dúró títí. Funfun ni. Ó wo òbúkọ náà, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì dára."

Wọ́n dárúkọ Lánípẹ̀kun níwájú àwọn èèkàn ní Adó lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fẹ́. Wọ́n ka ìròyìn náà láti orí iyọ̀ funfun mọ́kàndínlógójì títí dé orí ìṣàkóso rere. Àwọn èèkàn rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún ibẹ̀ kà. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kò lé e o. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó kàn gba ètò ìlera lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ètò tí ó ṣófo nígbà náà, èyíinì ni àbójútó ẹran tí ń jẹ kiri ìgboro. Bí ó bá jáde láàárọ̀ báyìí, àwọn ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń tẹ̀ lé e. Akínkúnmi sì ti di akọ̀wé Kánsílọ̀ tuntun, bí ìyẹn bá sín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, Nùsírátù bí obìnrin, ọwọ́ Bọ́sẹ̀ ni ó bí i sí. Dáúdà sọ fún gbogbo èrò tí ó gbé lọ́sẹ̀ náà pé òun ni baba aboyún, kò sì sí ẹni tí ó bá a jiyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn èyí, Lánípẹ̀kun ti ibi ẹran dé, ó rẹ̀ ẹ́. Ọmọ́táyọ̀ ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń ro ọbẹ̀, ó sì ń kọrin lábẹ́nu. Lánípẹ̀kun mọ orin Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbọ́ rí:

*Má da iyọ̀ sóòrùn bíi Lánípẹ̀kun,*
*Ewúrẹ́ á lá a, òjò á fọ̀ ọ́,*
*Ọmọ inú ò ní rí nǹkan kan jẹ.*

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló kọ́ ọ lórin yẹn?"

Ọmọ́táyọ̀ kò yíjú. "Ta ni kò mọ̀ ọ́n, Baba Ìfẹ́dayọ̀? Wọ́n ń kọ ọ́ ní Ìkọ̀lé, wọ́n ń kọ ọ́ ní Ìdó. Gbogbo aboyún ló mọ orúkọ yín."

Ó sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí agolo iyọ̀, ó bù ú sí i, ó rò ó pọ̀, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. Lánípẹ̀kun jókòó, kò ka oyè kankan. Ó jẹ iyán náà tán, ó fọwọ́. Ó dìde, ó lọ sí ìdí ààrò, ó wo agolo iyọ̀ náà títí. Ìdérí rẹ̀ kò wọlé dáadáa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi pa dé.